"Nice": Ìtumọ̀ àti Orírun Rẹ̀
"Nice", ọ̀rọ̀ àpèjúwe tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń lò lónìí fún ohun tó dára tàbí ẹni tó níwà pẹ̀lẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyìn ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí láti inú "nescius" ti èdè Látìnì, tó túmọ̀ sí aláìmọ̀kan, ni ó ti ṣẹ̀ wá, ó sì gba ọ̀dọ̀ àwọn Faransé wọ inú Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1300 pẹ̀lú ìtumọ̀ òmùgọ̀. Nígbà tó yá, ó di ọ̀rọ̀ fún ẹni tó ṣòroó tẹ́ lọ́rùn, àti fún ohun tó péye gẹ́lẹ́, ìtumọ̀ tí ó ṣì wà nínú "a nice distinction", ìyẹn ìyàtọ̀ tó fara sin tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gba àròjinlẹ̀. Ìlò òde òní gbilẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún.