Adẹ́mu Kọ́ Ló Ń Pa Igi Ògùrọ̀

Àwọn ará òkè, láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Àgọ́-Ìwòyè, a máa sọ̀rọ̀ kan nípa àwọn adẹ́mu etí omi: pé ìkà ni wọ́n, pé wọ́n ń fa omi ara igi ògùrọ̀ títí yóò fi kú. Ẹni tó bá gba àbàtà agbègbè Abígi àti Ìwópin kọjá, ní Ogun Waterside, yóò rí ohun tó bí ọ̀rọ̀ náà: ìtì ògùrọ̀ gbígbẹ, tí kò ní imọ̀ kan lórí mọ́. Òótọ́ ni pé wọ́n kú. Ohun tó pa wọ́n ni a ò mọ̀ dáadáa.

Ọ̀pẹ ni ará òkè fi ń wọn ògùrọ̀. Ọ̀pẹ máa ń yọ òdòdó lọ́dọọdún, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí adẹ́mu bá ta igbà, tó gùn ún, tó gé òdòdó akọ, tó gbé akèrègbè kọ́ ọ, òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ògùrọ̀, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Raphia hookeri, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bíi ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìtì rẹ̀ ń yọ òdòdó láyé. Fún ọdún mélòó kan, yóò máa kó oúnjẹ pamọ́ sínú ara. Nígbà tí àkókò bá tó, oúnjẹ yẹn á di omi dídùn, á máa gòkè lọ bọ́ òdòdó àti èso. Bí èso bá gbó tán, igi kú. Ì báà má sí adẹ́mu kankan nítòsí, yóò kú. Omi tó ń gòkè yẹn ni adẹ́mu ń gbà. Bó bá rí i pé àwọn imọ̀ tuntun ń kúrú sí i, ó mọ̀ pé òdòdó kò ní pẹ́ yọ. Bó bá yá jù, omi ò tíì tó. Bó bá pẹ́ jù, èso ti mu ún.

Ní Chablis, abúlé ọlọ́tí àjàrà ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n lè fi ọtí pamọ́ fún ọdún. Ẹmu ògùrọ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀: ìwúkàrà ti wọ̀ ọ́ kí akèrègbè tó sọ̀ kalẹ̀, bó bá sì di ọjọ́ kejì, ó ti ń kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará etí omi fi ń sè é ní ògógóró nínú àbàtà. Àdéhùn Saint-Germain-en-Laye ti ọdún 1919 lórí òwò ọtí líle ní Áfíríkà, tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Faransé kan náà, wà lára ohun tí ìjọba amúnisìn dì mú nígbà tó ń lé àwọn tó ń sè é kiri. Lójú tèmi, orúkọ burúkú ìgbà náà ṣì ń bá adẹ́mu jà.

Ẹ̀sùn kan ṣì wà tí mi ò lè bá a bọ́ lọ́rùn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ọmọ nídìí; èso ni ògùrọ̀ gbójú lé jù. Igi tí a bá sì ti gba ẹmu rẹ̀ kò ní so. Níbi tí wọn ò bá ti dá ọ̀kan sí, kò ní sí èso tí yóò bọ́ sínú ẹrẹ̀ láti hù. Iye igi tí adẹ́mu fi sílẹ̀ kó so ló yẹ ká máa bi í.