Iná, Omi àti Ìran Méje

Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. A máa ń fi òwe yìí tu olọ́fọ̀ nínú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè: ọmọ tó rọ́pò bàbá rẹ̀, ṣé ogún rere nìkan ló ń jẹ? Ṣé kì í jogún gbèsè àti ẹ̀rù pẹ̀lú?

Ọmọ mi obìnrin ló mú ọ̀rọ̀ yìí wálé láti ilé-ìwé girama. Wọ́n ní kí wọ́n ka ìwé ìtàn àròsọ kan tó ń jẹ́ Homegoing, tí Yaa Gyasi kọ, tó jáde ní 2016. Ìlú Mampong ní Gánà ni wọ́n ti bí òǹkọ̀wé náà ní 1989, ṣùgbọ́n Huntsville ní ìpínlẹ̀ Alabama ló dàgbà sí. Nígbà tí ọmọ mi kà á tán, ó bi mí pé, "Dádì, ṣé àwọn tiwa náà ta èèyàn?" Mo wúkọ́, mo ní kó lọ jẹun ná. Lẹ́yìn náà ni mo mú ìwé náà, tí èmi fúnra mi kà á.

Ìyá kan náà ló bí Effia àti Esi, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ara wọn. Effia dàgbà nílẹ̀ Fáńtì, Esi nílẹ̀ Àṣáńtì. Wọ́n fi Effia fún gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ní ilé olódi Cape Coast, ó sì ń gbé lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Àwọn akónilẹ́rú kó Esi, wọ́n sì há a mọ́ inú àjà-ilẹ̀ ilé yẹn kan náà, lábẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ ìyá rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ìwé náà ti tọ ìdílé méjèèjì dé ìran méje, ọ̀kan ní Gánà, èkejì ní Amẹ́ríkà.

Iná ni àmì ìdílé Effia. Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bí i ni iná jó igbó, tó sì jó iṣu méje nínú oko bàbá rẹ̀. Iṣu méje, ìran méje. Nígbà tí ó kan Akua, tó jẹ́ ìran karùn-ún, iná ń wá bá a lójú oorun títí ó fi tiná bọ ilé ara rẹ̀ láìmọ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì kú. Yaw, ọmọkùnrin rẹ̀, yè é pẹ̀lú àpá lójú. Omi ni ti ìdílé Esi, nítorí òkun ni wọ́n gbé e gbà kọjá. Títí dórí Marcus, ìran keje, tó ń kàwé ní Stanford, ẹ̀rù òkun ń bà á, kò sì lè sọ ìdí rẹ̀.

Bí iná àti omi ṣe ń padà wá, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn gan-an ń padà wá, èyí kì í sì í ṣe àròsọ. Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí òwò ẹrú ní 1807. Ní 1850, Amẹ́ríkà ṣe òfin pé kí wọ́n mú ẹrú tó bá sá padà, kódà láti ìpínlẹ̀ tí kò ti sí oko ẹrú mọ́. Nínú ìwé náà, ìgbà yẹn ni wọ́n jí ìyàwó Kojo gbé ní Baltimore pẹ̀lú oyún. Òfin 1865 fòpin sí oko ẹrú, àfi fún ẹni tí ilé-ẹjọ́ bá dá lẹ́bi. Ihò kékeré yẹn ni ejò gbà wọlé. Ìpínlẹ̀ Alabama ń yá àwọn ẹlẹ́wọ̀n, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ adúláwọ̀, fún àwọn awakùsà èdú, kò sì fi í sílẹ̀ títí di 1928. H, ọmọ tí wọ́n bí láti inú oyún Kojo, kò rí owó ìtanràn san. Inú kòtò èdú ni wọ́n rán an lọ. Ẹ̀wọ̀n yí orúkọ padà ni, ó ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn.

Ohun tó wọ̀ mí lára jù ni pé òǹkọ̀wé náà kò dá òyìnbó nìkan lẹ́bi. Akua jẹ́wọ́ fún Yaw pé ibi wà nínú ìran tiwọn, nítorí àwọn baba wọn jẹ nínú òwò náà.

Àwa ńkọ́? Ní 1821 ni wọ́n kó Samuel Àjàyí Crowther ní Òṣogùn, nígbà tí Ọ̀yọ́ ń tú. Òyìnbó kò tíì fojú kàn án. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n ń tà á nílẹ̀ wa, wọ́n tilẹ̀ fi í pààrọ̀ ẹṣin nígbà kan, títí ó fi dé Èkó. Nínú lẹ́tà tó kọ ní 1837, ó sọ bí omi ńlá ṣe bà á lẹ́rù nígbà tí ó dé etí rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ rẹ̀ ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ní 1846 ni ó tún fojú kan ìyá rẹ̀, ní Abẹ́òkúta. Ọ̀pọ̀ kò rí irú oore bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ wọn wà ní Bàhíà àti ní Kúbà títí dòní.

Ní òpin ìwé náà, Marcus pàdé Marjorie, ọmọ Yaw. Wọn kò mọ̀ pé ẹbí ni àwọn. Wọ́n jọ lọ sí Cape Coast. Marjorie, tí iná ń bà lẹ́rù, lọ bá Marcus lẹ́bàá iná. Marcus, tí òkun ń bà lẹ́rù, tẹ̀ lé Marjorie wọ inú omi. Ẹ̀rù tí wọ́n jogún kò tán níbi tí wọ́n sá gbà. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n padà sí.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo pe ọmọ mi jókòó, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, a ta èèyàn. Wọ́n sì ta àwa náà." Kò bú mi. Ó kàn béèrè orúkọ ìyá ìyá ìyá mi. N kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà nílé ni mo pè, òun ló sọ fún wa.

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ wa, odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ẹ má ṣe sọ èyí tó dùn nìkan fún àwọn ọmọ. Bí a kò bá sọ ọ́, wọn yóò jogún rẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n wọn kò ní mọ orúkọ rẹ̀.