Ọ̀bẹ àti Oògùn Gbígbóná: Ìtàn Ìtọ́jú Kan fún Jẹjẹrẹ Inú Ikùn

Jẹjẹrẹ tí ó bá ti ara ìfun tàbí ilé-ẹyin obìnrin tàn dé awọ fẹ́lẹ́ tí ó bo inú ikùn kì í dúró sójú kan. Ó máa ń fọ́n ká bí irúgbìn tí a fọ́n sóko. Ọ̀bẹ oníṣẹ́-abẹ lè gé kókó tí ojú rí. Kò lè gé sẹ́ẹ̀lì tí ojú kò rí. Bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀nba díẹ̀ nínú oògùn tí a bá gba inú iṣan fún aláìsàn ni ó ń dé ibẹ̀. Bí àwọn oníṣègùn ṣe so ọ̀bẹ pọ̀ mọ́ oògùn gbígbóná ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín, pẹ̀lú ìbéèrè kan tí ó ti inú rẹ̀ jáde: nígbà tí ìtọ́jú méjì bá jọ ṣiṣẹ́, èwo ni a ó gbóríyìn fún?

Ní ìlú Louisville ní Amẹ́ríkà, John Spratt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ dán ọ̀nà náà wò lára ajá. Ní ọdún 1979, wọ́n lò ó fún ọkùnrin kan tí ohun yíyọ̀ bí ọbẹ̀ ilá kún inú rẹ̀ nítorí irú jẹjẹrẹ kan tí kò wọ́pọ̀. Wọ́n gé èyí tí wọ́n lè gé, wọ́n sì jẹ́ kí oògùn gbígbóná máa yípo nínú ikùn rẹ̀. Ní ọdún 1980, wọ́n tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde.

Ooru náà sábà máa ń wà láàárín dígíríì 41 sí 43. Ó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lára, ó sì ń ran oògùn lọ́wọ́ láti wọlé, ṣùgbọ́n oògùn náà kì í wọnú kókó ju ìwọ̀n mìlímítà díẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí gígé fi gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ní ọdún 1995, Paul Sugarbaker ní Washington ṣàlàyé bí a ṣe ń bó awọ inú ikùn tí jẹjẹrẹ ti bà jẹ́ kúrò, iṣẹ́ tí ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ní ọdún 2003, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Netherlands tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde lórí aláìsàn 105 tí jẹjẹrẹ ìfun wọn ti tàn dé awọ náà. Nínú àwọn tí ó gba ìtọ́jú àtijọ́, ìdajì lò kọjá oṣù 12.6, nínú àwọn tí a lo ọ̀bẹ àti oògùn gbígbóná fún, ìdajì lò kọjá oṣù 22.3. Ayọ̀ ńlá ni, ṣùgbọ́n ìdánwò náà kò ya ọ̀bẹ sọ́tọ̀ kúrò lára oògùn.

Àwọn ará Faransé ni ó yà wọ́n. Aláìsàn 265 ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. Nǹkan bí ìdajì ni ó gba oògùn gbígbóná kún un, fún ìṣẹ́jú 30. Àbájáde tí wọ́n kéde ní ọdún 2018 ni oṣù 41.7 fún àwọn tí ó gbà á, àti oṣù 41.2 fún àwọn tí kò gbà á. Ọ̀bẹ ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Síbẹ̀, ní ọdún 2018 kan náà, ìdánwò mìíràn ní Netherlands, lórí obìnrin 245 tí ó ní jẹjẹrẹ ilé-ẹyin, fi oṣù 45.7 hàn fún àwọn tí ó gba oògùn gbígbóná, àti 33.9 fún àwọn tí kò gbà á. Irú oògùn náà yàtọ̀, ìṣẹ́jú 90 ni wọ́n sì fi lò ó.

Nítorí náà, a kò lè fi ẹnu kan ṣoṣo dájọ́ fún gbogbo jẹjẹrẹ inú ikùn. Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé ìwòsàn nìkan kò fi oníṣẹ́ hàn. Àfi kí a ya àwọn oníṣẹ́ sọ́tọ̀, kí a sì wọn iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aláìsàn tí yóò ru ewu ìtọ́jú náà ni ó ni ìbéèrè yìí ju ẹnikẹ́ni lọ.