Ta Ló Ń Ka Ìyípo? Ìtàn Wendell Scott àti Ife Ẹ̀yẹ Tó Pẹ́ Kó Tó Délé

 Ìtàn ìlú àti ìtàn ọba la sábà máa ń sọ níbí. Ti òní yàtọ̀ díẹ̀, ìtàn eré ìje mọ́tò ni. Ẹ fara balẹ̀ bá wa kà á dé ìparí, torí ọ̀rọ̀ tó wà nínú ẹ̀ kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Lọ́dún 2022, ọmọkùnrin kan tí àwọn òbí Nàìjíríà bí sí Amẹ́ríkà, Jesse Iwuji, ológun orí omi, gbé mọ́tò jáde nínú ìdíje NASCAR. Òun àti Emmitt Smith, gbajúmọ̀ nínú irú bọ́ọ̀lù tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbá, ni wọ́n jọ dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Nọ́ńbà 34 ni wọ́n kọ sára mọ́tò. Wọn ò ṣàdédé mú un. Nọ́ńbà Wendell Scott ni, wọ́n sì fi ń bọlá fún un. Ta wá ni Wendell Scott?

Ká tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí eré yìí ṣe ń lọ. Mọ́tò tí èèyàn lè rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta mọ́tò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní stock car. Ọ̀pọ̀ pápá ẹ̀ rí bí ẹyin, ọwọ́ òsì sì ni gbogbo wọn máa ń yà sí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Pápá tí yíyípo ẹ̀ ò bá tó máìlì kan, pápá kúkúrú ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí jù. Ààyè ò sí, mọ́tò ń fara gbá mọ́tò, bíréèkì ń gbóná, táyà ń jẹ.

Nǹkan mìíràn tún wà. Torí pé pápá kúrú, kì í pẹ́ tí ẹni tó wà níwájú á fi lé ẹni tó gbẹ́yìn bá, á sì kọjá lára ẹ̀. Tó bá tún yí, á tún kọjá. Kí wọ́n tó yí i nígbà ọgọ́rùn-ún, ojú lásán ò lè mọ ẹni tó ń ṣáájú mọ́. Mọ́tò méjì lè tẹ̀ lé ara wọn gbágbágbá, kó jẹ́ pé èyí tó wà lẹ́yìn gan-an ló fi ìyípo méjì ṣáájú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní àwọn tí iṣẹ́ wọn ò ju kíkà lọ. Láyé ọjọ́un, kò sí kọ̀ǹpútà, bírò àti pépà ni. Bí mọ́tò bá ti kọjá, wọ́n á sàmì. Dírẹ́bà ló ń sá eré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó mú bírò dání ló máa sọ ẹni tó gbégbá orókè.

Àti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti rí báyẹn. Ọdún 1948 ni Bill France dá NASCAR sílẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 1949, wọ́n sá eré àkọ́kọ́ fún irú mọ́tò yìí ní Charlotte, ìyípo 200 lórí pápá oníyẹ̀pẹ̀. Glenn Dunaway ló kọ́kọ́ dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ mọ́tò ẹ̀ wò, wọ́n rí i pé wọ́n ti tún síprínǹgì ẹ̀yìn ẹ̀ ṣe lọ́nà tí òfin ò gbà. Wọ́n gba ipò kìíní lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n gbé e fún Jim Roper. Ẹni tó ni mọ́tò gbé wọn lọ sí kóòtù, adájọ́ da ẹjọ́ náà nù.

Wàyí o, Wendell Scott. Danville ní ìpínlẹ̀ Virginia ni wọ́n bí i sí, ní ọdún 1921, nígbà tí òfin ya dúdú àti funfun sọ́tọ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà. Bàbá ẹ̀ mọ iṣẹ́ mọ́tò, òun náà kọ́ ọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, mẹkáníìkì ló jẹ́ nínú iṣẹ́ ológun. Nígbà tó délé, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ó sì tún ń fi mọ́tò kó ọtí tí wọ́n pọn ní bòókẹ́lẹ́. Ẹ ṣáà mọ bí ìjọba òyìnbó ṣe fòfin de ògógóró nílé wa láyé àtijọ́. Irú ẹ̀ náà nìyẹn. Ẹni tó bá ń kó o gbọ́dọ̀ lè sá ju ọlọ́pàá lọ.

Lọ́dún 1952, àwọn tó ń ṣètò eré mọ́tò ní Danville ń wá dúdú kan tó máa fa èrò wá. Ṣé ẹ mọ ẹni tí wọ́n lọ bi? Ọlọ́pàá ni. Wọ́n ní kí wọ́n dárúkọ dúdú tí wọ́n ti mú jù lórí eré àsápajúdé. Báyìí ni Scott ṣe wọ pápá. Nígbà tó lọ sí ibòmíì tí NASCAR ti ń sá, wọ́n dá a padà nítorí àwọ̀ ẹ̀. Ó gba pápá míì lọ, ó ń sá, ó ń borí. Nígbà tó yá, ó rí ìwé àṣẹ NASCAR gbà, nígbà tó sì di 1961, ó wọ ìpele tó ga jù. Kò ní ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn. Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi ń tún mọ́tò ṣe, àwọn ọmọ ẹ̀ ló ń bá a pààrọ̀ táyà. Ìgbà míì wà tí kò lè wọ hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé oúnjẹ lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1963 ni ọjọ́ náà. Jacksonville, ní Florida. Pápá oníyẹ̀pẹ̀, ìdajì máìlì, ìyípo 200. Tí ẹ bá ṣírò ẹ̀, máìlì 100 ni, ó ju Èkó sí Ìbàdàn lọ, lórí ibi tí ò gùn tó mítà ẹgbẹ̀rún kan. Nígbà tó ku bíi ìyípo 25, mọ́tò Richard Petty bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, Scott sì kọjá lára ẹ̀. Ó ṣáájú gbogbo wọn. Ó yí ìyípo 200 pé, kò rí àsíá òpin. Ó tún yí, kò tún rí i. Nígbà tí wọ́n máa gbé àsíá sókè, Buck Baker, tó jẹ́ funfun, ni wọ́n gbé e fún. Òun ni wọ́n fún ní ife ẹ̀yẹ, òun ni wọ́n yà ní fọ́tò.

Scott ò pariwo, kò sì lọ sílé. Ó ní kí wọ́n tún un kà. Lẹ́yìn bíi wákàtí méjì, nígbà tí èrò ti tú ká, wọ́n jáde wá sọ pé Scott ló borí, ìyípo 202 ló yí. Wọ́n ní àṣìṣe ìṣirò ni. Ìdílé Scott ní tiwọn sọ pé àwọn aláṣẹ ò fẹ́ kí dúdú dúró níbi tí omidan funfun ti máa fẹnu kò ó lẹ́nu níwájú èrò. Wọ́n san owó ẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ojúlówó ife ò dé ọwọ́ ẹ̀ títí tó fi kú lọ́dún 1990. Ó sá eré 495 ní ìpele yẹn, ẹyọ kan ṣoṣo ló gbà, ẹyọ yẹn náà ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

Àwọn ọmọ ò dákẹ́. Wọ́n ń tọ́ka sí ìwé, wọ́n ń tún ìtàn sọ. Lọ́dún 2015, wọ́n gbé orúkọ bàbá wọn sínú Gbọ̀ngàn Àwọn Olókìkí NASCAR. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ní Daytona, NASCAR gbé ife lé ìdílé náà lọ́wọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, Bubba Wallace borí ní Talladega, dúdú kejì tó máa gba irú eré bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn Scott. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ti Scott gbà ju ogún ọdún lọ, ọdún 58 ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: òtítọ́ yẹn ò dá rìn. Ẹnì kan wà tó mọ iye ìyípo tó yí, tó sì ní kí wọ́n tún un kà lọ́jọ́ náà gan-an. Ká ní ó wakọ̀ lọ sílé tìbínútìbínú ni, kí làwọn ọmọ ẹ̀ ì bá tọ́ka sí?

Kí ló kàn wá níbí? A jẹ́ àlejò tó ti pẹ́ nílé onílé. Àwọn bàbá àti ìyá wa tó kọ́kọ́ débí, tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, tó kọ́ ilé ìjọsìn, tó dá àjọ, mélòó nínú wọn la kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀? Ìwé ìpàdé wa dà? Rìsíìtì ilẹ̀ wa ńkọ́, ọwọ́ ta ló wà?

Ẹ jẹ́ ká sọ apá kejì ẹ̀ náà, torí ó yẹ. Lọ́dún 1975, ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Akinola Aguda, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ṣe alága ẹ̀ ló dábàá ilẹ̀ yìí fún olú-ìlú. Lára ìdí tí wọ́n fi mú un ni pé èèyàn ò pọ̀ níbẹ̀. Òfin ẹ̀ jáde ní oṣù kejì ọdún 1976. Ṣùgbọ́n àwọn Gbagyi wà níbí, wọ́n ń dáko, wọ́n ń sin òkú wọn síbí. Lójú ẹni tó bí wọn síbẹ̀, "kò pọ̀" kì í ṣe òǹkà. Nítorí náà, bá a ṣe ń bẹ̀rù kí wọ́n má kà wá, ká má ṣe fo ẹni tó gbà wá sílé.

Ẹ̀bẹ̀ wa rèé: kí ìdílé kọ̀ọ̀kan kọ ọdún tí ẹni àkọ́kọ́ wọn dé Kuje, ibi tó ti wá, iṣẹ́ tó ṣe, àti orúkọ onílẹ̀ tó gbà á. Ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì. Ẹ ka a fún àwọn ọmọ. Tí àgbà kan bá ṣì wà láàyè, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la kẹ́ ẹ tó bi í.

Olódùmarè ò ní jẹ́ ká sá eré tán kí wọ́n fún ẹlòmíì ní ife wa. Kò sì ní jẹ́ ká gba ti ẹlòmíì. Àṣẹ.