Ilà Ojú: Oge Àná tí ó Di Ohun Ìpamọ́

Títa ríro ni a ń kọ ilà, bí ó bá jinná tán, a di oge. Báyìí ni àwọn àgbà máa ń wí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ki ẹni tí ó wà nínú ìnira láyà. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò lè rò ó láé pé ìgbà kan ń bọ̀ tí ẹni tí ó kọ ilà yóò máa wá ọ̀nà tí yóò fi pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbà náà ti dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fi àtíkè, irùngbọ̀n tàbí abẹ oníṣègùn bo ohun tí àwọn òbí wọn fi ayọ̀ kọ sí wọn lójú.

Kò sí àní-àní pé ọjọ́ ti pẹ́ tí ilà ti wà. Lára àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938, àwọn kan ní fínfín láti iwájú orí títí dé àgbọ̀n, àwọn mìíràn sì jẹ́ ọ̀bọrọ́. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson parí ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921, ó to irú ilà tí ó wà lẹ́sẹẹsẹ: àbàjà tí a fà ní ìbú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, pélé mẹ́ta tí ó dúró ṣánṣán, gọ̀ǹbọ́ tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, àti kẹ́kẹ́ tí ó gbòòrò ju gọ̀ǹbọ́ lọ. Àwọn ará Oǹdó ń kọ ẹyọ kan ṣoṣo tí ó nípọn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá kọ rárá ni wọ́n ń pè ní ọ̀bọrọ́, orúkọ náà kò sì jẹ́ orúkọ ìyìn nígbà náà.

Olóòlà, ọmọ Ògún, mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ó mọ̀ pé ilà tí kò bá kọjá awọ òkè yóò parẹ́ bí ọmọ náà bá ti ń dàgbà. Nítorí náà ni ó ṣe ń jẹ́ kí abẹ rẹ̀ dé awọ inú. A fi omi ìgbín tu ojú ọgbẹ́ náà lára, a sì fi èédú lílọ̀ sí i kí ilà lè dúdú dáadáa. Bí àwọn ènìyàn bá ń sọ pé àpá kì í jọ ara, ohun tí olóòlà ń wá gan-an nìyẹn.

Ní àkókò ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú, tí wọ́n sì ń kó ọmọ Yorùbá lẹ́rú, ilà di ẹ̀rí ibi tí ènìyàn ti wá. Ní Freetown, àwọn òṣìṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń gba àwọn tí a tú sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú a máa kọ orúkọ wọn, ọjọ́ orí wọn, gíga wọn àti àmì ara wọn sínú ìwé. Ní ilẹ̀ Bràsíìlì ẹ̀wẹ̀, bí ẹrú kan bá sá lọ, olówó rẹ̀ a kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, a sì ṣàpèjúwe ilà ojú rẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè mú un. Ilà tí a kọ kí ọmọ má baà sọnù ni kò jẹ́ kí ẹni tí ó fẹ́ sá pamọ́ rí ibi sá sí.

Nígbà tí ogun Kírìjì parí ní 1893, tí àlàáfíà dé, ìdí kan pàtàkì tí a fi ń kọ ilà bẹ̀rẹ̀ sí yẹ̀. Ilé-ìwé, ìjọ Ọlọ́run àti ìlú ńlá ń mú ọmọ ibi gbogbo pọ̀ sí ojú kan. Díẹ̀díẹ̀, ojú ọ̀bọrọ́ tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ di àṣà, ọmọ tí ó kọ kẹ́kẹ́ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì wá ń fi ṣẹ̀sín ní ilé-ìwé.

Láti ìgbà náà ni ọgbọ́n ìpamọ́ ti ń pọ̀ sí i. Òbí mìíràn ní kí olóòlà fa pélé kéékèèké dípò ilà ńlá. Ní ayé àwòrán dúdú òun funfun, ayàwòrán a máa fi pẹ́ńsù tí ó mú tọ́ ojú fíìmù, kí àpá lè rọlẹ̀ nínú àwòrán. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ya àwòrán náà gbé ilà rẹ̀ padà lọ sí ilé. Òrí tí a fi ń pa ara a máa mú àpá rọ̀, kì í sì í dí ihò tí abẹ gbẹ́. Ìpara ìbóra tí ó ní mẹ́kúrì nínú burú jù: ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ilà a sì wà níbẹ̀. Oníṣègùn lè gé ojú ilà kí ó sì tún un rán, ó sì lè fi ìtànṣán léésà mú un tẹ́jú, ṣùgbọ́n àpá tuntun ni ó ń fi rọ́pò àpá àtijọ́. Fún aláwọ̀ dúdú, ewu mìíràn tún wà: ara wọn ni àpá ti sábà máa ń wú kọjá ojú ọgbẹ́ jù, ẹni tí ó lọ pa ilà rẹ́ sì lè gba kókó bọ̀.

Ní 2003, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ilẹ̀ Nàìjíríà sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti kọ ilà sí ọmọdé lára. Owó ìtanràn rẹ̀ kò ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lọ, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò sì ju oṣù kan lọ, tàbí kí ó jẹ́ méjèèjì. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ ọwọ́ kò lè sọ pé òun fẹ́ tàbí òun kọ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò lè pa èyí tí ó ti jinná rẹ́. Ẹni tí ó ń rìn kiri pẹ̀lú àbàjà lónìí kò kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ni ó kọ ọ́ fún un, ní èdè ìfẹ́ tí ayé ìgbà náà gbọ́. Bí ohun kan bá wà tí ó yẹ kí a pa rẹ́, ẹ̀sín ni, kì í ṣe ojú ẹni. Abẹ kọ́ ni a fi ń pa ẹ̀sín rẹ́. Ẹ̀kọ́ ilé ni.