Òǹkà Yorùbá àti Ẹ̀kọ́ Ìṣirò Ọmọdé

Kí ilé-ìwé tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni òǹkà ti wà nínú ẹ̀kọ́ ilé. Ọmọ tí ń bá ìyá rẹ̀ pàtẹ ọsàn lọ́jà mọ̀ pé bí òun bá mú ẹyọ kan kúrò nínú márùn-ún, mẹ́rin ni yóò kù. Èyí tí ń ta ayò ń ṣe ìṣirò láìmọ̀: ihò méjìlá ni ọpọ́n ní, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ni a ń kó sínú wọn, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ méjìdínláàádọ́ta. Kí ó tó lè jẹ, ó ní láti mọ iye tí ń bẹ nínú ihò àti ibi tí ọmọ ayò tí ó gbẹ̀yìn yóò bọ́ sí. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Owó ẹyọ fi ẹsẹ̀ ètò yìí múlẹ̀. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì ọmọ Jámánì tí ó bá ìjọ C.M.S. ṣiṣẹ́ ní Ìjàyè, ṣàlàyé rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1887. Ẹni tí ń ka owó á kúnlẹ̀ ti ọ̀kẹ́, èyí tí í ṣe 20,000 ẹyọ, á sì máa fi ọwọ́ fà wọ́n ní márùn-ún márùn-ún. Márùn-ún lọ́nà mẹ́rin á di ogún, ogún lọ́nà márùn-ún á di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì á sì di igba.

Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ ṣàkíyèsí ni pé orúkọ òǹkà Yorùbá ń sọ ìbátan tí ń bẹ láàárín iye kan àti òmíràn. Mọ́kànlá ni ọ̀kan tí ó lé lórí ẹ̀wá. Bí a bá dé márùndínlógún, ọ̀nà yí padà: iwájú ni a ń wò, a sì ń yọ márùn-ún kúrò nínú ogún. Ọgọ́ta ni ogún mẹ́ta. Àádọ́ta ni ọgọ́ta tí ó dín mẹ́wàá. Ọmọ tí ó bá pe márùndínláàádọ́ta ti ṣe ìsọdipúpọ̀ lẹ́ẹ̀kan àti àyọkúrò lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó pa ẹnu dé.

Ṣùgbọ́n òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún Èkó àti Gold Coast ní 1882 fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàtàkì. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké òǹkà Gẹ̀ẹ́sì bí ayékòótọ́, orúkọ tí mọ́kànlá àti méjìlá ń jẹ́ ní èdè náà kò sì fi ẹ̀wá kankan hàn wọ́n.

Òótọ́ ni pé òǹkà Yorùbá ní ìṣòro tirẹ̀. Nínú 45, ojú rí ẹ̀wá mẹ́rin àti ẹyọ márùn-ún. Ohun tí ẹnu pè yàtọ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti so méjèèjì pọ̀. Kí ọmọ to òkúta wẹ́wẹ́ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá lọ́nà mẹ́rin, kí ó fi márùn-ún kún un. Lẹ́yìn náà, kí ó to ọgọ́ta, kí ó mú mẹ́wàá kúrò, kí ó tún mú márùn-ún kúrò. Yóò rí i pé iye kan náà ni.

Ní oṣù kìn-ín-ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A', Modákẹ́kẹ́, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa. Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò àti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀. Kíláàsì tí a fi wọ́n wé bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ìwé tí a tẹ̀ jáde lórí rẹ̀ ní 1989 fi hàn pé àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn nínú ìṣirò, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ọ̀ràn yìí kan àwọn ẹ̀yà mìíràn pẹ̀lú. Láàárín àwọn ọdún 1970, Kay Williamson àti Otonti Nduka wà lára àwọn tí ó gbé ètò ìwé kíkà Rivers Readers kalẹ̀ ní àwọn èdè Ìpínlẹ̀ Rivers. Ikwerre, èdè ìbílẹ̀ Rumuokwurushi ní Port Harcourt, wà lára wọn. Ìwé kíkà ni tiwọn, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni: ohun tí ọmọ gbọ́ nílé ni kí ilé-ìwé fi bẹ̀rẹ̀.

Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti 1977 gba èrò yìí wọlé. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà. Ní 2025, a fagi lé e. Òfin lè máa lọ, kí ó máa bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ Yorùbá kò bá lè ka márùndínlógún mọ́, kò sí òfin tí yóò bá a wá ìbátan tí ó sọnù nínú orúkọ náà. Ọwọ́ òbí àti olùkọ́ ni èyí wà.