Ọwọ́ Ta Ni Oògùn Ti Wá?

Nígbà ayé mólùè ní Èkó, oníoògùn kì í wọ́n nínú ọkọ̀. Yóò dìde láàárín èrò, yóò kí wọn, yóò gbàdúrà fún awakọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò na ìgò kan sókè tí yóò sì máa ka àrùn: ibà, jẹ̀díjẹ̀dí, ara ríro, ìgò kan náà ni ó wà fún gbogbo wọn. Kí ọkọ̀ tó dé ibùdókọ̀ kejì, ó ti sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tí ó rà á kì í ṣe òmùgọ̀. Ilé ìwòsàn jìnnà, owó ibẹ̀ kò sì kéré. Ní 1988, ìjọba ológun ṣe òfin tí ó ka títa ayédèrú oògùn, àti títa oògùn ní gbangba ọjà láìgbàṣẹ, léèwọ̀.

Òfin nìkan kò tó. Ní 1990, ọmọdé tí ó lé ní 100 kú ní Ìbàdàn àti Jọ́ọ̀sì lẹ́yìn tí wọ́n mu parasitamọ́ọ̀lù olómi tí diethylene glycol wà nínú rẹ̀. Kíndìnrín ni májèlé yìí ń bà jẹ́. Òun kan náà ni ó pa ènìyàn tí ó lé ní 100 ní Amẹ́ríkà ní 1937, tí ìjọba ibẹ̀ fi ṣe òfin oògùn ọdún 1938. Òfin ọdún 1993 ni ó dá NAFDAC sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Síbẹ̀, ní 2008, májèlé náà tún wọ inú oògùn eyín ọmọdé tí à ń pè ní My Pikin. Ọmọ tí ó kú lé ní 80. Kì í ṣe oníoògùn inú ọkọ̀ ni ó ṣe é o! Ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ oníṣòwò kẹ́míkà tí kò forúkọ sílẹ̀, ní Èkó níbí, ni wọ́n ti ra ohun tí wọ́n fi pò ó.

Ìkànìyàn ọdún 2006 ka 1,277,714 ènìyàn ní Alímọ̀ṣọ́. Ẹni tí ó bá mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ láti Ìgándò dé Ìkòtún kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ìdí tí ó fi ń ra oògùn lórí fóònù, kí alálùpùpù gbé e wá sílé. Ìgbìmọ̀ tí ń bojú tó iṣẹ́ apòògùn ti ṣe ìlànà fún títa oògùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì: dandan ni kí olùtà forúkọ sílẹ̀, kí ó sì ní apòògùn tí ó gba ìwé-àṣẹ.

Nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí agbára oògùn yóò tán wà lára páálí. Láti 2010 ni àwọn oògùn kan, pàápàá ti ibà, tún ti ní nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí olùrà ń ha jáde, tí ó sì ń fi ránṣẹ́ nípa àtẹ̀jíṣẹ́ láti mọ̀ bóyá ojúlówó ni. Páálí ni nọ́ńbà yìí ń jẹ́rìí sí. Kò lè jẹ́rìí sí ohun tí olùpoògùn rà láìwádìí, bí ti 2008. Ìdí nìyí tí àdírẹ́sì olùtà fi ṣe pàtàkì. Ilé ìtaògùn tí ó wà ní òpópónà kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, tí apòògùn ibẹ̀ ń béèrè ìwé dókítà kí ó tó ta àwọn oògùn kan, ni ìyá lè padà lọ bá bí ọmọ bá mu oògùn tán tí kò sì lè tọ̀ mọ́.